Kí mọ́sẹ́lì tó lẹ̀ mọ́ páìpù, ó ti kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú akitiyan. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa mọ́sẹ́lì abìlà, ẹ̀dá omi tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná lọ, tó ní ìkarahun méjì tó ń pa dé mọ́ra, tó ń dí páìpù omi káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Inú mi dùn pé ẹ kọ ọ́ ní èdè wa. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni, ó sì ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tí mo máa bá sọ ọ́ ní Yorùbá tí ọ̀rọ̀ náà kò ní di àmúlùmálà. Bí mo ṣe ń kà á ni mo ń mi orí, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí akọ̀ròyìn yín ti sọ pé ìdí ọkọ̀ ni mọ́sẹ́lì ń lẹ̀ mọ́ dé adágún tuntun, pé bí ọlọ́kọ̀ bá ti ha ìdí ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ibẹ̀ ni mo fi ìwé náà lélẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò tíì bùṣe o. Àgbà tó ti jókòó nìkan ni akọ̀ròyìn yín rí, kò rí ọmọ tó ń rìn kiri.

Kí n sọ ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má bàa ní ẹlẹ́nu kan ló tún dé. Yàrá àyẹ̀wò omi ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Wọ́n á fi àwọ̀n tí ihò rẹ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ fa inú adágún, wọ́n á rọ ohun tí àwọ̀n bá gbá jọ sínú ìgò, wọ́n á gbé ìgò náà wá bá mi. Èmi á jókòó sídìí máíkírósíkóòpù, màá máa wá ọmọ mọ́sẹ́lì nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun tí ojú ò rí ni màmá àwọn ń kà gba owó oṣù. Wọn ò purọ́.

Ẹni tó bá ti bá ẹ̀fọn jà rí mọ tanwíji. Ó mọ̀ pé kí ẹ̀fọn tó máa kùn létí ẹni lóru, inú omi tó dúró ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́sẹ́lì rí, àmọ́ tanwíji ṣì sàn: bí o bá bẹ̀rẹ̀ wo omi dáadáa, wàá rí i tó ń ta. Ọmọ mọ́sẹ́lì, o lè bu igbá omi kan tí ọgọ́rùn-ún rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí o gbé e sí oòrùn, kí o yí i sọ́tùn-ún, kí o yí i sósì, omi lásán ni wàá rí.

Báyìí ló ṣe ń wáyé. Tí omi adágún bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ dé nǹkan bí ìwọ̀n 12 Celsius, àwọn mọ́sẹ́lì abìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹyin àti àtọ̀ sójú omi. Kò sí ìtẹ́, kò sí ìsàba, akọ kò mọ abo. Abo kan tó dàgbà dáadáa lè tú ẹyin tó mílíọ̀nù kan láàárín ọdún kan. Ibi tí ẹyin bá ti pàdé àtọ̀ nínú omi, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti ní ìkarahun tirẹ̀, tó rí bíi lẹ́tà D, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Bí o bá to mẹ́wàá wọn sórí ìlà kan, wọn ò ju mílímítà kan lọ. Láàárín ìkarahun yẹn ni nǹkan kan ti ń yọ jáde bí abẹ̀bẹ̀, irun wínníwínní yí etí rẹ̀ ká, irun náà kì í sinmi. Òun ló fi ń lúwẹ̀ẹ́, òun náà ló fi ń gbá oúnjẹ sẹ́nu. Ní àsìkò yìí, veliger ni àwọn onímọ̀ ń pè é, abẹ̀bẹ̀ náà ló sì fún un lórúkọ. Mo fẹ́ràn láti máa wò ó, mi ò ní tàn yín. Tó bá wà láàyè lábẹ́ awò, tó ń pòòyì, ó ṣòroó gbà gbọ́ pé òun ni yóò dí ẹnu páìpù tí géńdé lè rá wọ̀.

Ó lè gòkè díẹ̀, ó lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká omi tó ń ṣàn. Ibi tí omi bá kọjú sí ni òun náà ń lọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí márùn-ún ló ń lò bẹ́ẹ̀, ooru omi àti oúnjẹ tó bá rí ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: odò tó ń rin kìlómítà mẹ́wàá péré lójúmọ́, níbo ni yóò gbé ọmọ náà dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Igba kìlómítà ó lé. Ìyá rẹ̀ ṣì jókòó lórí òkúta tó wà.

Àwọn mọ́sẹ́lì onílé, ìyẹn àwọn tó ti wà nínú odò Amẹ́ríkà látayébáyé, kì í ṣe báyìí. Ọmọ tiwọn gbọ́dọ̀ há mọ́ ara ẹja, níbi tí ẹja fi ń mí tàbí létí lẹbẹ rẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó já bọ́ sí ìsàlẹ̀ odò láti bẹ̀rẹ̀ ayé tirẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn kò lè lo ẹja míì àfi irú ẹja kan tàbí méjì. Bí ẹja náà bá ti kúrò nínú odò, ìran wọn ti fẹ́ parun nìyẹn. Àjèjì yìí ní tirẹ̀ kò nílò ẹja, omi ti tó o. Ó sì tún máa ń wá jókòó lórí ìkarahun onílé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lórí ẹnì kan, títí onílé kò fi ní lè yanu jẹun mọ́.

Ìjókòó yẹn gan-an ni akọ̀ròyìn yín fò, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró díẹ̀.

Tó bá yá, ẹsẹ̀ á hù fún ọmọ náà. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni, ó rí bí ahọ́n. Lásìkò yìí ó ti tó ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà, ìkarahun rẹ̀ ti wúwo, abẹ̀bẹ̀ kò fẹ́ gbé e mọ́, ó ti ń rì. Bó bá kan nǹkan, á na ẹsẹ̀ yẹn, á fi tọ́ ọ wò, á wọ́ síwájú díẹ̀, á tún tọ́ ọ wò. Bí ibẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tú ara rẹ̀ sílẹ̀, á tún bá omi lọ. Mo wo ọ̀kan rí nínú àwo pẹlẹbẹ fún odidi wákàtí kan títí ọrùn fi ń ro mí. Òkúta kékeré kan ló ń yẹ̀ wò, ó yí i po bí ayálégbé tó ń yẹ yàrá wò, ó dé igun kan, ó dúró, mo ní ó ti tó, ó tún kúrò. Ó padà sí igun yẹn kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó gbà.

Nígbà tó gbà, ohun kan sun jáde láti ìdí ẹsẹ̀ náà, ó gba ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ kọjá, ó dì nínú omi, ó di okùn. Okùn kan nìyẹn. Tó bá dàgbà, okùn rẹ̀ á tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Abẹ̀bẹ̀ tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ á parẹ́ mọ́ ọn lára, ohun tí yóò máa fi mí tí yóò sì máa fi sẹ́ oúnjẹ á hù rọ́pò rẹ̀. Àárín ìgbà tó ń rì sí ìgbà tó so okùn yìí ló ń pa wọ́n jù; ó lé ní àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí kì í rí ìjókòó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó tú ẹyin mílíọ̀nù kan kò lè sunkún àádọ́rùn-ún.

Kí ló ń wá gan-an? Ó ń wá ohun líle. Páìpù tuntun tó ń dán kò wù ú tó èyí tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ti bo lójú títí ó fi ń yọ̀. Òjìji wù ú ju oòrùn lọ, ìdí nìyẹn tí abẹ́ nǹkan fi máa ń kún kí òkè rẹ̀ tó kún. Kò fẹ́ràn bàbà rárá. Omi tí kálísíọ̀mù rẹ̀ kò tó nǹkan bí mílígíráàmù 12 nínú lítà kan kì í sábà gbà á, torí kò ní rí ohun tó máa fi kọ́ ìkarahun. Ó fẹ́ kí omi máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ kó máa gbé oúnjẹ kọjá níwájú rẹ̀. Bí omi bá ń sáré tó mítà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní lè dúró. Ó sì fẹ́ràn ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jókòó ṣáájú: àárín okùn àwọn àgbà jẹ́ ibi tó dára fún ọmọ láti fara pamọ́ sí, kódà tí àgbà yẹn bá ti kú. Nígbà míì, orí koríko omi ni yóò kọ́kọ́ jókòó sí, á dàgbà díẹ̀ níbẹ̀, á wá já okùn rẹ̀, á ṣí lọ sórí òkúta. Ẹ fi ọ̀rọ̀ koríko yẹn sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ sí i.

Ẹ wá wo páìpù tó ń fa omi láti adágún lọ sí ilé iṣẹ́ omi. Ó ṣókùnkùn, omi ń rìn nínú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, oúnjẹ ń wọlé tọ̀sántòru, ẹja tó máa ṣà á jẹ kò sí níbẹ̀. Àwa la kọ́ ilé yẹn fún un. Ní 1988 ni wọ́n kọ́kọ́ rí mọ́sẹ́lì abìlà ní Lake St. Clair, láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà. Nígbà tó fi máa di ìparí 1989, omi ẹ̀rọ ti dá dúró nílùú Monroe, ní Michigan, torí pé mọ́sẹ́lì dí ẹnu páìpù tó ń fa omi wọn láti Lake Erie. Nínú ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kan létí adágún yẹn kan náà, wọ́n ka nǹkan bí 700,000 sórí mítà kan ní òró àti ní ìbú. Ìpele lórí ìpele ni wọ́n fi wà níbẹ̀, ọmọ lórí ìyá, ọmọ-ọmọ lórí ọmọ.

Èmi náà ní tèmi láti sọ. Ilé iṣẹ́ omi kan wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tó gbé iṣẹ́ fún wa láti máa ṣọ́ ẹnu páìpù rẹ̀. Ohun tí a ń lò kò ju pátákó ike lọ, ẹyọ mélòó kan tí a so mọ́ okùn kan náà, tí a rì sínú omi, ọ̀kan nítòsí òkè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Lóṣooṣù la máa ń fà á jáde. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀gá ibẹ̀ dúró tì mí, ó ń ráhùn pé ọ̀mùwẹ̀ ti wọ inú páìpù lóṣù tó kọjá, kò rí ìkarahun kankan, owó wo làwọn tún ń ná sórí pátákó. Mo fa okùn sókè. Ojú pátákó ìsàlẹ̀ mọ́ lójú mi lóòótọ́. Mo wá fi àtàǹpàkò ra abẹ́ rẹ̀. Ó ń ha mí lọ́wọ́ bíi sáńpépà.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọwọ́ kàn án." Ó fọwọ́ kàn án, ó ní yanrìn ni. Mo gbé e sábẹ́ awò, mo ní kó wá wò ó. Yanrìn yẹn ní ẹsẹ̀, ó sì ti so okùn. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò nípàdé. Ìpàdé náà sún ọ̀rọ̀ síwájú di ẹ̀yìn ìgbà òtútù. Nígbà tí òtútù fi kọjá, àwọn yanrìn náà ti tó èékánná ọmọ ìka.

Ohun tó dùn mí ni pé àsìkò tí oògùn ń ràn wọ́n gan-an ni a fi ṣe ìpàdé. Ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́, tí ìkarahun rẹ̀ fẹ́lẹ́, kiloríìnì díẹ̀ tí a bá tú sí ẹnu páìpù kò ní jẹ́ kó jókòó. Àgbà ńkọ́? Tó bá ti gbóòórùn oògùn, á pa ilẹ̀kùn dé, á máa retí kó kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi tú kiloríìnì láìdáwọ́dúró kí àwọn àgbà tó kú tán. Lẹ́yìn èyí, òkú wọn á tún já bọ́ ní òkìtì, á lọ dí àwọn asẹ́ níwájú.

Ẹ lè bi mí pé báwo la ṣe ń rí ohun tí ojú ò rí. Gíláàsì méjì ni a fi ń ṣe é, ọ̀kan lábẹ́ omi, ọ̀kan lókè rẹ̀, irú gíláàsì tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀. Tí a bá yí ọ̀kan títí tó fi dábùú èkejì, gbogbo nǹkan á ṣókùnkùn biribiri. Koríko, kòkòrò, ìdọ̀tí, gbogbo wọn á pòórá. Ohun tó bá ní ẹfun nínú ìkarahun rẹ̀ nìkan ni yóò máa tàn. Ọmọ mọ́sẹ́lì á tàn bí ìràwọ̀ nínú òkùnkùn yẹn, àgbélébùú dúdú kan á sì là á láàárín. Mo ti rí i ní àìmọye ìgbà, síbẹ̀ tí mo bá rí ti adágún tuntun, ọkàn mi á já.

Mo ti ṣìṣe níbẹ̀ rí. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo rí ìràwọ̀ mẹ́ta nínú ìgò tó wá láti adágún tí mọ́sẹ́lì kò tíì dé. Mo ké gbàjarè. Tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, wọ́n ti ń múra láti ti èbúté ọkọ̀ ibẹ̀ pa. Ọ̀gá mi wá jókòó, ó fi abẹ́rẹ́ yí ọ̀kan padà, ẹsẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yọ jáde lára rẹ̀. Ostracod ni, ìbátan edé kan tó ń gbé láàárín ìkarahun méjì, tó ń tàn bíi ti mọ́sẹ́lì gẹ́lẹ́. Ilẹ̀ ì bá lanu kí n wọlé lọ.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni ìgò tí omi inú rẹ̀ ti kan. Ọtí tí wọ́n fi ń pa omi àyẹ̀wò mọ́ kí ó má bàa bàjẹ́ lè kan tó bá pẹ́, kíkan náà á jẹ ẹfun, ìkarahun á yọ́. Tí o bá gbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ sábẹ́ awò, òkùnkùn ni wàá rí, wàá kọ ọ́ sínú ìwé pé a kò rí nǹkan kan, òkú ọmọ mọ́sẹ́lì á sì kún inú ìgò náà láìní ìkarahun. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń bu sódà ìdáná díẹ̀ sí i látilẹ̀. Mi ò kì í ṣí ìgò mọ́ láìkọ́kọ́ wọn kíkan rẹ̀. Nígbà tí akọ̀ròyìn yín bá tún rí i kà pé wọ́n yẹ adágún kan wò tí wọn ò rí mọ́sẹ́lì, kó rántí pé "a kò rí i" yàtọ̀ sí "kò sí níbẹ̀".

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò. Agbègbè Òkun Dúdú àti Òkun Caspian ni ilé mọ́sẹ́lì abìlà. Ní 1771 ni Pallas, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, kọ nípa rẹ̀ láti ọ̀hún. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù gbẹ́ ipadò láti so odò kan pọ̀ mọ́ òmíràn kí ọkọ̀ lè máa kọjá, mọ́sẹ́lì bá wọn kọjá. Ní 1824 ó ti dé èbúté ọkọ̀ ní London. Ti Amẹ́ríkà, omi tí àwọn ọkọ̀ òkun máa ń rù sínú ìsàlẹ̀ kí wọ́n má bàa dojú dé ni ó jọ pé ó bá dé: wọ́n fa omi sínú ọkọ̀ ní èbúté kan ní Yúróòpù, wọ́n tú u dà sí Adágún Ńlá, ìyẹn adágún márùn-ún tó wà ní agbègbè ààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọmọ tí wọn ò rí sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1990, ó ti wọ adágún márààrún.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì, ohun tí mo sì fẹ́ kí akọ̀ròyìn yín tún kọ nìyí. Tí mọ́sẹ́lì bá ń bá omi sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ló ń lọ. Tó bá ń gòkè odò, tàbí tó gba orí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹnì kan ló gbé e. Ní oṣù kìn-ín-ní 2007, wọ́n rí mọ́sẹ́lì quagga, tó jẹ́ àbúrò mọ́sẹ́lì abìlà, ní Lake Mead, níbi tí dáàmù Hoover ti sé odò Colorado. Lóṣù yẹn kan náà ni wọ́n rí i ní Lake Mohave àti Lake Havasu, tó wà nísàlẹ̀ odò kan náà. Kò sẹ́ni tó ní láti gbé e débẹ̀, omi ti ṣe é. Ẹ wá fi wé mọ́sẹ́lì wúrà, tó wá láti Ṣáínà, tí wọ́n rí ní ẹnu odò ńlá Río de la Plata ní Ajẹntínà ní 1991. Odò Paraná ń ṣàn bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ tí kò lè bá omi du kò lè gun un. Síbẹ̀ ó ń gòkè ní nǹkan bí kìlómítà 240 lọ́dọọdún, àwọn ọkọ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀ lójú odò yẹn ni wọ́n sì dá lẹ́bi. Níbi tí ọkọ̀ bá ti gbé e dé lókè, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń bá omi padà wálẹ̀, tí wọ́n ń kún àárín.

Omi tó ń sọ̀ kì í sì í gbé gbogbo wọn dé láìfarapa. Odò tó ń já lórí òkúta, tó ń hó yaya, ń fọ́ ọmọ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ túútúú. Ìdí nìyẹn tí o fi lè rí odò kékeré kan tó ń jáde láti adágún tó kún fún mọ́sẹ́lì, kí o rí wọn púpọ̀ nítòsí adágún náà, kí wọ́n máa dín kù bí o bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Àmọ́ bí adágún míì bá wà lọ́nà, níbi tí àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù ti lè sinmi kí wọ́n sì bí tiwọn, ìrìn àjò náà ti tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Mo gbọ́dọ̀ gbè akọ̀ròyìn yín níbì kan. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí wọ́n ń fi mọ́tò wọ́ láti adágún sí adágún ń gbé mọ́sẹ́lì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àwọn ọkọ̀ tó ń kúrò ní Lake St. Clair wò, koríko omi tó wé mọ́ ọkọ̀ àti mọ́ ọmọlanke tí wọ́n fi ń wọ́ ọ ni wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti jókòó, ju ìdí ọkọ̀ tí gbogbo wa ń ha lọ. Koríko tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ sì wà nínú omi tó ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nínú garawa ìjẹ, nínú àpótí tí apẹja ń kó ẹja ààyè sí, nínú ẹ̀rọ ọkọ̀ pàápàá. Nígbà ooru wọ́n lè lo ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀. Tí òtútù bá mú, wọ́n lè lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ọlọ́kọ̀ tó ha ìdí ọkọ̀ rẹ̀ tí kò tú ìdérí omi ìsàlẹ̀ dà bí ẹni tó fọ ẹ̀yìn ìgò, tó gbàgbé omi inú rẹ̀.

Kò tilẹ̀ nílò ọkọ̀. Ní 2021, inú ilé ìtajà ẹja ọ̀ṣọ́ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí mọ́sẹ́lì abìlà, nínú àwọn bọ́ọ̀lù koríko rọ̀gbọ̀dọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń rà sínú àpótí ẹja nílé. Ẹni tó bá da omi àpótí ẹja rẹ̀ sínú gọ́tà tó lọ sódò ti bá wọn ṣí ọ̀nà tuntun. Ní 2024 ni mọ́sẹ́lì wúrà ní tirẹ̀ yọ ní èbúté Stockton ní California, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá.

Àwọn kan máa ń fi òwe ìrókò dá mi lóhùn, pé kékeré la ti ń pẹ̀ka rẹ̀. Òwe náà dára, àmọ́ ẹni tó pa á rí ìrókò kékeré pẹ̀lú ojú rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, wọ́n rí ọmọ mọ́sẹ́lì quagga nínú omi tí wọ́n bù láti odò Snake, nítòsí Twin Falls ní Idaho. Ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ rí kí wọ́n tó wá àgbà kàn. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí wọ́n fi da oògùn bàbà sínú odò náà fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, ẹja púpọ̀ sì bá a lọ. Ní 2024, wọ́n tún rí ọmọ níbẹ̀. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí mo lè fi tu àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn nínú, wọ́n ṣe ohun tó yẹ, wọ́n sì ṣe é kíá. Ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti yọrí sí rere ni Millbrook Quarry ní Virginia, ní 2006, tí wọ́n fi pòtásíọ̀mù pa gbogbo mọ́sẹ́lì abìlà inú rẹ̀. Kòtò tí wọ́n ti wa òkúta ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi rẹ̀ kò ṣàn lọ síbì kankan, ọmọ kò rí ọ̀nà sá gbà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ bá mi tún gbólóhùn yẹn ṣe nínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀. Dípò pé kí ọlọ́kọ̀ ha ìdí ọkọ̀, ẹ kọ ọ́ pé kó já gbogbo koríko dànù, kó tú gbogbo omi dànù létí adágún tó ti ń bọ̀, kó sì jẹ́ kí ohun gbogbo gbẹ, títí kan okùn, àwọ̀n, bàtà rọ́bà àti garawa. Bí kò bá ráyè dúró kó gbẹ, omi gbígbóná tó tó ìwọ̀n 60 Celsius ń pa àgbà àtọmọ. Àgbà tó wà níta omi lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún nígbà ooru, ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tó tutù tó sì ní ọ̀rinrin, nítorí náà "ó ti gbẹ lójú" kò tíì tó.

Bí akọ̀ròyìn yín bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, mo ṣe tán láti pèsè àga kan fún un nídìí awò mi. Kó ṣáà jẹ́ kí omi kọ́kọ́ lọ́wọ́ọ́wọ́. Tó bá wá nígbà òtútù, mi ò ní ní nǹkan kan láti fi hàn án ju omi lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, láti yàrá àyẹ̀wò omi